Òròmọdìyẹ 22 ní Kubwa: bí a ṣe mọ akọ yàtọ̀ sí abo

Ilé kan ní Kubwa, ní Abuja, ló ni àwọn adìyẹ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìyá tó ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ẹyin ló ń wá, kì í ṣe ẹran. Ilé adìyẹ tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 2 níbùú, mítà 2 lóòró, tí a bá sì fi adìyẹ 3 sí mítà kan níbùú lóòró kí ara lè rọ̀ wọ́n, adìyẹ 12 ni yóò gbà. Agboolé tí èrò pọ̀ sí ni, àwọn ará ilé sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ àkùkọ tí yóò máa kọ láago mẹ́rin ìdájí. Torí náà, gbogbo akọ tó bá wọ ilé adìyẹ yẹn, àyè abo kan ló gbà, á máa jẹun, kò sì ní yé ẹyin kan.

Ọ̀nà méjì ni àwọn òròmọdìyẹ náà gbà dé ilé yìí. Méjìlá jẹ́ dúdú, ọjà Kubwa ni ìyá ti rà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta òròmọdìyẹ nínú agbọ̀n. Wọ́n ti pé ọjọ́ 8. Ìyá bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé kò sí akọ nínú wọn?” Ó ní, “Mà, ẹ fọkàn balẹ̀, abo ni gbogbo wọn. Ìbàdàn ni wọ́n ti kó wọn wá.” Mẹ́wàá yòókù, àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kan ló sàba lé wọn nínú ilé náà. Kì í ṣe òun ló yé ẹyin wọn o: ẹyin adìyẹ àgíríìkì pupa tí aládùúgbò ń sìn ni, àkùkọ ìbílẹ̀ tó ń rìn kiri àdúgbò ló sì ń gun àwọn adìyẹ náà. Ìparí oṣù kọkànlá ni, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ọjọ́ kejì tí àwọn mẹ́wàá yìí jáde nínú ẹyin ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wáyé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n gbé òròmọdìyẹ sókè, kí wọ́n sì máa wá àmì kiri ara rẹ̀. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: kí ni bàbá wọn, kí ni ìyá wọn? Nínú adìyẹ, ìyá ló ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ akọ tàbí abo, kò rí bíi ti ènìyàn. Z àti W ni orúkọ àwọn okùn ìjogún (kúrómósóòmù) tó ń pín akọ sí abo: àkùkọ ní Z méjì nínú sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀. Àgbébọ̀ ní Z kan àti W kan. Ọmọ tó bá gba Z ìyá rẹ̀, akọ ni. Èyí tó bá gba W, abo ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá wà lórí Z ìyá, ọmọkùnrin rẹ̀ nìkan ló lè jogún rẹ̀. Ọmọbìnrin, Z bàbá rẹ̀ nìkan ló ní. Gbogbo àwọ̀ àti ìyẹ́ tí wọ́n fi ń ya akọ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí òròmọdìyẹ bá jáde, orí èyí ni wọ́n dúró lé. Bí a ò bá mọ irú bàbá àti irú ìyá, àmì tó ń sọ òótọ́ lára ọmọ kan lè máa parọ́ lára ọmọ mìíràn.

Ti àwọn dúdú kò le. Lẹ́yà dúdú (adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin) tí wọ́n ń pa ní ilé ìpamọ adìyẹ, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin, káàkiri Nàìjíríà, bàbá wọn jẹ́ pupa irú Rhode Island Red, ìyá wọn jẹ́ abìlà irú Barred Plymouth Rock. Ìlà ara ìyá yẹn, orí Z ló wà. Ọmọkùnrin gbà á, ọmọbìnrin kò gbà á. Lára òròmọdìyẹ, ìlà náà kò tíì hàn, ṣùgbọ́n ó máa ń fi àmì funfun kan sílẹ̀ ní àtàrí.

A gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí ojú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, nítorí iná gílóòbù pupa tó ń mú wọn móoru kì í jẹ́ kí funfun hàn dáadáa. Márùn-ún ní àmì náà gedegbe: ojú funfun kan láàárín àtàrí, tí etí rẹ̀ kò dán, bí ẹni fi ìka tó bọ ẹ̀fun kàn án níbẹ̀. Mẹ́fà, àtàrí wọn dúdú kirikiri. Ọ̀kan dá iyèméjì sílẹ̀, torí funfun díẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Funfun ikùn, funfun abẹ́ àgbọ̀n àti ti ṣóńṣó apá, akọ ń ní in, abo náà ń ní in. Àtàrí nìkan la ń wò. Ọ̀kan tó ṣòro yìí, ẹ̀gbẹ́ ojú ni funfun rẹ̀ wà, kò gun orí. A kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí abo, a sì fi àmì ìbéèrè sí i.

Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ “abo ni gbogbo wọn” kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ya ẹni tó mọ òwò yìí lẹ́nu. Ilé ìpamọ máa ń ya akọ lẹ́yà sọ́tọ̀, wọ́n á tà á ní kọ́kárẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó ń sìn ín fún ẹran, owó rẹ̀ sì máa ń kéré gan-an sí ti abo. Nígbà tí òròmọdìyẹ bá ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì mẹ́ta kó tó dé inú agbọ̀n ọjà, ó rọrùn kí àwọn méjèèjì dàpọ̀, yálà a mọ̀ọ́mọ̀ ni tàbí a kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tó bá ń ra dúdú ní ọjà lè yẹ àtàrí wò fúnra rẹ̀ kó tó sanwó, kò gba ìṣẹ́jú kan lórí ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ra pupa náà ní tirẹ̀: lẹ́yà pupa tó wá tààrà láti ilé ìpamọ, abo jáde ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, akọ jáde ní funfun tàbí yẹ́lò fífúyẹ́.

Àwọn mẹ́wàá tí wọ́n pa nílé ni ọ̀rọ̀ wọn gùn.

Kí a tó dé ibẹ̀, mẹ́sàn-án péré ló ṣẹ́kù. Ọmọ aládùúgbò kan ti rí i lórí fóònù rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìdí òròmọdìyẹ láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì gbìyànjú rẹ̀ lára ọ̀kan lọ́jọ́ kẹta. Lóòótọ́, ọ̀nà náà wà. Ní Japan ni wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, kí ọdún 1930 tó dé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rọra tẹ ìgbẹ́ jáde, yóò ṣí ihò ìdí, yóò sì wá kókó kékeré kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ onídìí. Ohun tó mú kó le ni pé àwọn abo kan náà máa ń ní kókó, tí kókó akọ mìíràn sì máa ń pẹlẹbẹ, torí náà ó máa ń gba oṣù púpọ̀ lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òròmọdìyẹ kí ojú ènìyàn tó mọ ìyàtọ̀. Àárín wákàtí 24 sí 36 àkọ́kọ́ náà sì ni wọ́n ń ṣe é. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ihò náà á ti le, kókó á sì ti rọ̀ wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, pupa ẹyin tí òròmọdìyẹ gbé wá sáyé ṣì kù nínú ikùn rẹ̀, òun ló fi ń gbéra. Ìka tó bá tẹ ikùn ju bó ṣe yẹ lọ lè bẹ́ àpò pupa náà. Ti èyí, ikùn rẹ̀ wú, ìdí rẹ̀ rin, ó kó apá jọ sẹ́bàá ìkòkò èédú, ó sì kú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnikẹ́ni tí wọn kò kọ́ ní iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ dán an wò, bó ti wù kí fídíò náà rọrùn tó.

Lára àwọn mẹ́sàn-án tó kù, a kọ́kọ́ na apá. Ọ̀nà yìí lókìkí púpọ̀, torí pé kò pa òròmọdìyẹ lára. A mú un sọ́wọ́ òsì, a na apá rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ sí ojú ìmọ́lẹ̀, a sì ka ipele ìyẹ́ méjì: àwọn ńlá tó hù láti etí apá, àti àwọn kékeré tó hù lókè wọn tó bo ìdí wọn. Bí àwọn ńlá bá gùn ju kékeré lọ gan-an, wọ́n ní abo ni. Bí méjèèjì bá dọ́gba, tàbí tí kékeré gùn ju ńlá lọ, wọ́n ní akọ ni. Ọjọ́ 1 sí 3 nìkan ló ṣeé kà. Lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ìyẹ́ á ti gùn bára wọn mu. Márùn-ún gùn, mẹ́rin dọ́gba. A so òwú aláwọ̀ ewé mọ́ ẹsẹ̀ àwọn márùn-ún, a so pupa mọ́ ti àwọn mẹ́rin, a sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyá fẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. A sọ fún un pé, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta èyí tó so òwú pupa.” Ìdí rẹ̀ nìyí: kí apá tó lè sọ òótọ́, ìyá gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń lọ́ra láti hù, bàbá sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí tirẹ̀ ń yára hù. Ilé ìpamọ ló ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ìran lọ́wọ́ wọn. Àkùkọ ìbílẹ̀ tó ń rìn kiri Kubwa kò níwèé. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ irú kan náà, gbogbo ọmọ ni apá wọn á gùn tàbí kí gbogbo wọn kúrú. Bí bàbá bá sì dàpọ̀, èyí tó gùn lè jẹ́ akọ, èyí tó kúrú lè jẹ́ abo. Àbájáde rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì burú.

Àwọ̀ náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lára wọn. Aládùúgbò tó ni ẹyin rò pé àwọn ọmọ tó fún ní funfun á jẹ́ akọ, torí bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí òun ra àwọn lẹ́yà pupa tòun. Ṣùgbọ́n lẹ́yà pupa tó ń yé ẹyin nínú àgọ́ rẹ̀, Z bàbá rẹ̀ ló gbé sára, èyí tó jẹ́ pupa. Funfun tí wọ́n fi dá akọ mọ̀ ní ìran ìyá-ìyá wọn ti lọ sára àwọn arákùnrin rẹ̀ tí wọ́n tà ní kọ́kárẹ́ẹ̀lì. Kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ya ọmọkùnrin rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ti ṣe kí adìyẹ tó sàba. Wọ́n ti ṣa ẹyin: èyí tí orí rẹ̀ ṣóńṣó ni wọ́n jẹ, èyí tó rí róbótó ni wọ́n fi sàba, nítorí wọ́n gbà pé róbótó ló ń bí abo. Ilé ọmọ inú àgbébọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ẹyin rẹ̀ ní ìrísí, adìyẹ kan náà á sì sábà máa yé irú ìrísí kan náà, ì báà jẹ́ akọ ni ẹyin náà gbé tàbí abo. Mẹ́sàn-án tó ti inú ẹyin róbótó jáde, mẹ́rin nínú wọn ló padà di akọ. Ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú so rọ̀ sórí òròmọdìyẹ, àti ti fífi ẹsẹ̀ gbé e kọ́ láti wò ó bóyá yóò gbé orí sókè, a kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n dán an wò.

Ó wá ku kí a dúró, kí a sì máa kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń kà wọ́n, ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí ooru àti ìbẹ̀rù máa ń mú ogbe pọ́n, ẹni tó bá lé wọn kiri lọ́sàn-án kó tó kà wọ́n yóò ka abo mọ́ akọ. Àwọn tó jọ jáde lọ́jọ́ kan náà la fi ń wé ara wọn. Dúdú tó ti pé ọ̀sẹ̀ 5 kò ṣeé fi wé ti ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 4. Nítorí ọyẹ́, a kì í mú ọ̀kan kúrò níbi ooru ju ìṣẹ́jú méjì lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ooru ibẹ̀ tó nǹkan bí 33°C ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a sì ń dín in kù ní 3 lọ́sẹ̀. Òwú ẹsẹ̀ fẹ́ di ìṣòro. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ti ọ̀kan ti wọ inú awọ, ẹsẹ̀ ti ń wú, a gé e, a fi omi iyọ̀ fọ ibẹ̀. Láti ìgbà náà la ti ń tú gbogbo òwú, tí a sì ń tún un so lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, ní títóbi tí ọ̀pá ìṣáná lè wọ̀ láàárín òwú àti ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 3: ìrù àwọn kan ti yọ bí abẹ̀bẹ̀ kékeré, ìyẹ́ sì ti bo èjìká wọn, àwọn mìíràn ṣì ní ìhùùhù lẹ́yìn, ìrù wọn kò ju kùkùté lọ. Àwọn tó yára ni ó sábà máa ń jẹ́ abo, ṣùgbọ́n fún ìdí kan náà tí apá fi kùnà, a kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, a kò fi dájọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún, àwọn dúdú ti tú àṣírí ara wọn tán. Márùn-ún tó ní àmì àtàrí ti ń hu ìyẹ́ abìlà, eérú àti dúdú ní ìlà ìlà lórí apá. Méje yòókù dúdú láìní ìlà, pupa wúrà díẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́rùn méjì nínú wọn. Èyí tí a fi àmì ìbéèrè sí wà lára àwọn méje. Abo ni.

Lára àwọn ti ilé, ogbe ló sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 5, a fi rúlà ọmọ ilé-ìwé wọn ogbe wọn. Mẹ́ta ga tó mìlímítà 7, ó ti pọ́n, ẹran kékeré méjì pupa sì ti ń rọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n wọn. Mẹ́rin kò ju mìlímítà 3 lọ, ó rí bí àgbàdo gbígbẹ, kò pọ́n rárá. Ẹsẹ̀ àwọn mẹ́ta náà nípọn, orúnkún wọn tóbi. Méjì kò fẹ́ jẹ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ abólọ́rùn bíi bàbá rẹ̀, awọ ọrùn rẹ̀ tí kò níyẹ́ pọ́n nínú oòrùn, ojú tó bá sì kọ́kọ́ rí i á kà á sí akọ, bẹ́ẹ̀ ogbe rẹ̀ kéré. Èkejì ní ogbe pẹlẹbẹ, irú èyí tó lẹ̀ mọ́ orí tí kì í dìde, nítorí náà gíga kò wúlò lára rẹ̀. Ó sì tún jẹ́ pé àwọn tó ku máa ń lé e nídìí oúnjẹ. Akọ tí wọ́n bá ń jẹ gàba lé lórí, ogbe rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó pọ́n. Ìwà ìjà kò sì ṣeé fi dájọ́. Abo méjì nínú àwọn mẹ́rin ló ń jà jù nínú àgọ́ yẹn.

Àwọn méjì yìí, ìyẹ́ ẹ̀yìn la dúró dè. Láti bí ọ̀sẹ̀ 9 sí 12, ìyẹ́ tuntun máa ń hù ní ẹ̀yìn, ní gẹ́rẹ́ ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. A gbé adìyẹ sórí ẹsẹ̀, a fi àtàǹpàkò gbé ìyẹ́ ibẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, a tẹ́ ẹyọ kan sórí bébà funfun láìtu ú. Ti abo, orí rẹ̀ rí róbótó bí ṣíbí. Ti akọ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ mú ṣóńṣó bí ewé koríko, etí rẹ̀ ń dán. Ní ọ̀sẹ̀ 11, ti abólọ́rùn rí róbótó láìkù síbì kan. Ti ológbe pẹlẹbẹ, mẹ́ta ti mú ṣóńṣó láàárín àwọn àtijọ́. Akọ ni, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló gbìyànjú kíkọ, ohùn rẹ̀ kò tíì já geere. Ẹni tó bá ń dúró de kíkọ kó tó mọ̀, ó ti bọ́ ọ ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lásán.

Àròpọ̀ rẹ̀ nìyí: dúdú, abo 7, akọ 5, ti ilé, abo 5, akọ 4. Òwú ẹsẹ̀ wá jíṣẹ́ tirẹ̀. Nínú àwọn márùn-ún tí apá wọn gùn tí à bá pè ní abo, méjì jẹ́ akọ. Nínú àwọn mẹ́rin tí à bá pè ní akọ, méjì jẹ́ abo. Àṣìṣe mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kéèyàn ju owó ẹyọ sókè. Ká ní wọ́n ti ta àwọn olówùú pupa lọ́jọ́ kẹta bí ìyá ṣe fẹ́, adìyẹ méjì tó ń yé ẹyin fún un lónìí ni ì bá bá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ti ya àwọn akọ tó dájú sọ́tọ̀ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, èyí tó gbẹ̀yìn bá wọn ní ọ̀sẹ̀ 11. Yíyà yìí ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Akọ á máa lé abo nídìí oúnjẹ, abo á rù, ẹyin rẹ̀ á pẹ́. Bí abo bá sì ti ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ 18, tí wọ́n bá yí oúnjẹ rẹ̀ sí ti adìyẹ tó ń yé, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ tó nǹkan bí 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń ba kíndìnrín akọ jẹ́ tó bá ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ gbogbo. Oúnjẹ adìyẹ tó ń dàgbà ni àwọn akọ jẹ títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n sì tà wọ́n kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó dé, nígbà tí àkùkọ ń wọ́n ní ọjà Kubwa. Ìyá kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Àgbébọ̀ kò nílò àkùkọ kó tó yé, ẹyin rẹ̀ kàn kò ní lè di òròmọdìyẹ ni. Dúdú àkọ́kọ́ yé ní ọ̀sẹ̀ 20, ti ilé bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 23.

Ìbéèrè kan ni ìyá tún bi wá, ó sì dára. Ó ní bí òun bá jẹ́ kí àkùkọ pupa kan gun àwọn abo dúdú yìí lọ́dún tó ń bọ̀, tí òun sì fi ẹyin wọn sàba, ṣé àtàrí funfun náà yóò tún fi akọ hàn? Rárá, mà. Àwọn abo dúdú yẹn kò gba ìlà ìyá wọn, wọn ò ní nǹkan kan láti fi lé ọmọkùnrin lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ irú àmì yẹn nílé, àgbébọ̀ abìlà ni kó wá, kí ìlà ara rẹ̀ jẹ́ dúdú òun funfun, kó sì fi àkùkọ dúdú tàbí pupa tí kò ní ìlà kankan gùn ún; àkùkọ funfun kò ṣeé lò, torí funfun rẹ̀ lè bo àmì náà mọ́lẹ̀. Òròmọdìyẹ tí ìhùùhù rẹ̀ bá dúdú nìkan ni kó yẹ àtàrí rẹ̀ wò, kó sì fi àwọn aláwọ̀ yẹ́lò sílẹ̀ de ogbe àti ìyẹ́ ẹ̀yìn.